Ọmọ tí kò rí ilẹ̀ yìnyín rí, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ fún un tí yóò fi gbà pé òótọ́ ni?

ÀǹtíBàrígà

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọgbọ́n ni mo wá tọrọ.

Ní Bàrígà ni mo ti ń bójú tó àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, nínú yàrá kan tó kọjú sí ibi tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ máa ń tò sí. Ọmọ 14 ni wọ́n, ọdún 4 sí 5 ni gbogbo wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òbí kan gbé ìwé àwòrán kan wá fún wa, ó ní ẹ̀gbọ́n ọmọ náà ti dàgbà kọjá ìwé yẹn. Ìwé tó nípọn ni, ọmọdé ò lè tètè fà á ya. Béárì funfun wà nínú rẹ̀, pẹ́ńgúìnì wà níbẹ̀, síìlì wà níbẹ̀, ẹja àbùùbùtán náà wà níbẹ̀. Mo ṣí i fún wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo wọn sì pa lọ́lọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè dé. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, ta ló da fùláwà sílẹ̀ báyìí?" Yìnyín tó wà nínú àwòrán ló ń wí. Ọmọbìnrin kan tí màmá rẹ̀ ń ta omi tútù nítòsí ibùdókọ̀ bi mí pé ta ló ń tan fírísà náà, ta ló sì ń ra epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Mo ń dáhùn bí mo ṣe lè dáhùn, títí ọmọkùnrin kékeré kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ fi gbójú sókè sí mi: "Àǹtí, ṣé òótọ́ ni àbí àlọ́?"

Mo ní òótọ́ ni. Ó wò mí, ó tún wo ìwé náà, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé kò gbà mí gbọ́. N kò lè bá a wí. Lánàá ọjọ́ yẹn ni mo pa àlọ́ ìjàpá fún wọn, ohùn kan náà ni mo fi sọ méjèèjì.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé orí ilẹ̀ ayé kan náà ni àwa àti béárì yẹn jọ wà, pé bí òun ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ní Bàrígà, béárì kan wà níbì kan tó ń wá tirẹ̀ jẹ. Ọmọ tí òtútù tó mọ̀ kò ju ti ọyẹ́ àti ti omi inú ọ̀rá lọ, níbo ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ fún un? Kí lẹ ń pe àwọn ẹranko yìí ní Yorùbá, torí Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ nílé? Ohun kan tún wà nínú ìwé náà tó ń dà mí láàmú. Wọ́n ya béárì àti pẹ́ńgúìnì sórí yìnyín kan náà, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí n fi í sílẹ̀ nítorí pé ọmọdé ni wọ́n?

Owó tí mo lè ná kò pọ̀, iná kì í sì í dúró ládùúgbò wa.

TíṣàÀgbà_Ìsàlẹ̀Èkó

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ni mo ń kọ́ lórí ẹní báyìí.

Ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rárá. Ìhà àríwá pátápátá ni béárì funfun ń gbé, ìhà gúúsù ni pẹ́ńgúìnì ń gbé, wọn kì í rí ara wọn sójú. Ohun tí ẹ bá kọ́ ọmọ ọdún 4 ló máa gbé dàgbà. Mo ti rí àgbàlagbà tó kàwé jáde ní yunifásítì tó ṣì rò pé béárì ń pa pẹ́ńgúìnì jẹ.

Ẹ wá ọsàn kan, ẹ fa ọwọ̀n ìgbálẹ̀ kan yọ, kí ẹ fi gún ọsàn náà láti orí dé ìdí. Ibi tí ìgbálẹ̀ wọlé ni ìpẹ̀kun àríwá, ibi tó yọ sí ni ìpẹ̀kun gúúsù. Ẹ fi bíírò tọ́ èyí tó jẹ́ Èkó sí agbedeméjì, kó gòkè díẹ̀. Láti ọ̀dọ̀ wa dé ìpẹ̀kun àríwá tó bíi kìlómítà 9,300, dé ti gúúsù tó bíi 10,700. Ẹ̀yin ni mo ń sọ iye yẹn fún, kì í ṣe àwọn ọmọ. Tiwọn ni kí wọ́n fi ìka rìn ín lórí ọsàn, kí wọ́n rí i pé béárì wà lókè, pẹ́ńgúìnì wà nísàlẹ̀, àwa sì wà láàárín.

Ibi méjèèjì kò tilẹ̀ jọra. Ti àríwá, òkun ni, ilẹ̀ ló yí i ká. Omi òkun náà ló dì lójú, orí rẹ̀ sì ni béárì ti ń rìn kiri, tó ń ṣọ́ ihò tí síìlì máa ń yọ imú sí láti mí. Ti gúúsù, ilẹ̀ gidi ni, òkun ló yí i ká, òun ni wọ́n ń pè ní Antarctica. Ó fẹ̀ tó Nàìjíríà bíi 15. Yìnyín tó wà lórí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ nípọn tó kìlómítà 2 tí a bá pín in dọ́gba. Kò sí ìlú níbẹ̀, kò sí ọba. Àwọn orílẹ̀-èdè tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn lé e lórí ní 1959, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wọn òtútù tó burú jù lórí ilẹ̀ ayé, ní ibùdó Vostok, ní 21 July 1983: ìwọ̀n 89.2 sí ìsàlẹ̀ òdo. Fírísà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, bíi 18 sí ìsàlẹ̀ òdo ni.

Ní ti orúkọ, béárì kì í ṣe àlejò lédè wa. Ó wà nínú Bíbélì, níbi tí abo béárì méjì ti jáde látinú igbó sí àwọn ọmọ tó fi Èlíṣà ṣe ẹlẹ́yà. Ẹ fi "funfun" kún un, ó parí. Pẹ́ńgúìnì àti síìlì, ẹ pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Yìnyín ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ wa ni. Àwọn baba wa ti ń ṣà á nílẹ̀ lẹ́yìn òjò kí ẹnikẹ́ni tó gbé fírísà dé Èkó. Ẹ bi àwọn ọmọ yẹn bóyá ẹnì kan nínú wọn ti gbọ́ ọ rí lórí páànù. Ẹ máa rí ọwọ́.

Ọ̀kan ṣì kù, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ra òrí díẹ̀ lọ́jà. Ẹ kó òrí náà sínú ọ̀rá kan, kí ọmọ ki ọwọ́ bọ ọ̀rá kejì tó mọ́, kí ẹ wá ti ọwọ́ òun ọ̀rá náà bọ inú ti àkọ́kọ́, kí òrí yí ọwọ́ rẹ̀ ká pátá. Kó wá ti ọwọ́ yẹn bọ abọ́ omi oníyìnyín, kó ti ọwọ́ kejì bọ̀ ọ́ lásán. Kíá ló máa yọ èyí tó wà lásán. Èyí tí òrí bò yóò wà níbẹ̀. Ẹ wá sọ fún un pé bí Ọlọ́run ṣe ṣe síìlì nìyẹn, ọ̀rá tó nípọn wà lábẹ́ awọ rẹ̀, òun ni kì í jẹ́ kí òtútù pa á. Béárì funfun náà ní in. Ìyẹn tún ní ohun mìíràn táwọn ọmọ yín máa fẹ́ gbọ́: awọ rẹ̀ dúdú. Irun rẹ̀ kò sì ní àwọ̀ kankan, ìmọ́lẹ̀ ló ń mú kó funfun lójú wa.

BàbáÌbejì_Ṣómólú

Mo kí yín o, mo kí Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kí ló kan ọmọ Bàrígà kan béárì? Àwọn ìbejì mi pé ọdún 5, wọ́n lè dárúkọ pẹ́ńgúìnì, wọn ò mọ òkété, wọn ò mọ ìyàtọ̀ ẹtù àti ìgalà. Èmi dàgbà ní Ìkòròdú, mo ń rí àwọn nǹkan wọ̀nyí lójú ayé mi. Ó ń dùn mí pé ọmọ mi mọ ẹranko ilẹ̀ olókèèrè ju tilé lọ. Ní ọjọ́ àìsí ilé-ìwé, mo kó wọn lọ sí Lekki Conservation Centre. A gun afárá orí igi tó gùn tó mítà 401 yẹn, wọ́n rí ọ̀bọ tó ń fò látorí ẹ̀ka sórí ẹ̀ka, ọ̀kan nínú wọn sunkún nígbà tí a ń lọ sílé. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Béárì á dúró de wọn.

ÀǹtíBàrígà

Tíṣà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ òrí yẹn sílẹ̀.

Bàbá Ìbejì, n kò bínú. Òkété yẹn, òótọ́ lẹ sọ, n óò fi kún un. Ṣùgbọ́n n kò rò pé inú ọmọdé kún débi pé bí béárì bá wọlé, òkété gbọ́dọ̀ jáde. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn ọmọ mi rò pé gbogbo ohun tó wà nínú ìwé jẹ́ ti àwọn mìíràn, pé ayé àwọn parí sí afárá. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé tiwọn náà ni.

Ẹ sì gbọ́ èyí tí mo kà lálẹ́ àná: abo béárì funfun, ìbejì ló sábà máa ń bí. Inú ihò yìnyín ló ń bí wọn sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi díẹ̀ ju ìdajì kílò lọ nígbà tó bá dé ayé, bẹ́ẹ̀ akọ tó dàgbà lè wọn ju 400 kílò. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún Táyé àti Kẹ́hìndé.

BàbáÌbejì_Ṣómólú

Ìbejì kẹ̀? Mo ti sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ti ń béèrè èwo ni Táyé nínú wọn.

MàmáKóòdùrúùmù

Àǹtí, ọmọ mi, kí ló dé tí o ń dààmú nítorí òtútù? Oyíngbò ni mo wà, kóòdùrúùmù ni mo ń bójú tó. Kó wọn wá. Kí wọ́n wọ súwẹ́tà àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, n óò ṣílẹ̀kùn, wọ́n á wọlé ní méjì-méjì, ìṣẹ́jú kan péré, wọ́n á jáde. Kí ìwọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú mi. Èéfín á máa jáde lẹ́nu wọn bíi ti ẹni tó ń mu sìgá, orí páálí ẹja á sì funfun fún wọn bí èyí tó wà nínú ìwé rẹ. Yìnyín tí o bá fẹ́ fún ti òrí yẹn, n óò bù ú fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Jẹ́ kí n tún sọ ọ̀kan fún ọ. Pánlá líle yẹn, èyí tí àwọn ará Ìgbò ń pè ní okporoko, tó ń dún kóó-kóó bí igi, ṣé o mọ ibi tó ti ń wá? Ilẹ̀ Norway ni, ní àwọn erékùṣù kan tí wọ́n ń pè ní Lofoten. Ibẹ̀ jìn sí àríwá débi pé nígbà òtútù, ọjọ́ ń bẹ tí oòrùn kì í yọ rárá. Wọ́n á so ẹja náà rọ̀ sórí igi níta láti bí oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún, wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í yan án. Atẹ́gùn tútù ló ń gbẹ ẹ. Àwọn ọmọ rẹ ti jẹ ẹ́ nínú ẹ̀gúsí láìmọye ìgbà. Ìgbà tí o bá kó wọn wá, n óò gbé odidi ọ̀kan lé ọwọ́ wọn.

AṣọLomé

Ọjà aṣọ ni mo ń tà ní Balógun, mo sì máa ń gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Lomé. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi ara yín pé kí ló kan adúláwọ̀ kan ilẹ̀ yìnyín, ẹ wá ìtàn Tété-Michel Kpomassie kà. Ọmọ Tógò ni. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́langba ní Lomé, ó já bọ́ látorí igi, ó fara pa. Ìdílé rẹ̀ fẹ́ fi í fún àwọn abọrẹ̀ tó ń bọ òjòlá. Àkókò yẹn ló rí ìwé kan ní ilé ìtàwé nípa àwọn Inuit, àwọn tó ń gbé nínú yìnyín ní Greenland, ó sì pinnu pé ibẹ̀ ni òun ń lọ. Ó sá kúrò nílé. Ó ń ṣiṣẹ́, ó ń rìn, ó gba Ghana, ó gba Senegal, ó dé Faransé, ó fi bí ọdún 8 rìn ín. Ní 1965 ni ó gúnlẹ̀ sí Greenland. Ó bá wọn gbé, ó bá wọn jẹ síìlì, ó bá wọn gun ọkọ̀ tí ajá ń fà.

Ìwé kan péré lọ́wọ́ ọmọ kan ní etí òkun wa níbí ló fà á. Àǹtí, ẹ máa ṣí ìwé yẹn fún wọn.

ỌmọÈpètèdó

Ìbéèrè kékeré ni tèmi. Ọmọ mi obìnrin gbọ́ pé ìgbà kan wà tí oòrùn kì í wọ̀ ní ilẹ̀ yìnyín, ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń mọ àkókò ìrun àṣálẹ́. Kò sí ẹnu tí mo fi dá a lóhùn.

TíṣàÀgbà_Ìsàlẹ̀Èkó

Ọmọ Èpètèdó, ọmọ yín gbọ́n. Lójú ìpẹ̀kun gan-an, oòrùn á wà lókè fún bí oṣù 6, á tún lọ fún bí oṣù 6. Bí ó bá ń tàn ní gúúsù, òkùnkùn ló wà ní àríwá. Ọjọ́ Kérésìmesì tí ọyẹ́ ń fẹ́ níbí, ìgbà ooru tiwọn ni ní Antarctica. Ní ti ìrun, àwọn ààfáà gbà á láyè pé kí Mùsùlùmí tó wà níbi tí oòrùn kì í wọ̀ tẹ̀lé àkókò Mẹ́kà tàbí ti ìlú tó súnmọ́ wọn jù.

Bàbá Ìbejì, mo ní ẹyẹ kan fún yín, bóyá òun ló máa pa wá pọ̀. Arctic tern ni wọ́n ń pè é. Ó fúyẹ́, bíi gíráàmù 100 ni. Àríwá ló ti ń pa ọmọ, ó sì máa ń fò lọ sí Antarctica, kó tún padà, lọ́dọọdún. Etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà kọjá. Ọ̀nà Antarctica, ọ̀dọ̀ wa ló gbà.

ÀǹtíBàrígà

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá jábọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé.

A lọ sí Oyíngbò. Òbí mẹ́ta tẹ̀ lé wa, a háyà bọ́ọ̀sì kan ní àárọ̀ Sátidé kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Màmá, Ọlọ́run á bù kún ọjà yín. Nígbà tí ìlẹ̀kùn yẹn ṣí tí èéfín tútù jáde sí wa lẹ́sẹ̀, méjì nínú wọn sá padà sí ẹ̀yìn mi. Ọmọkùnrin mi tí kì í sọ̀rọ̀ ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan yìnyín orí páálí, ó tètè yọ ọ́, ó wò ó, ó tún fi kàn án. Nígbà tó jáde, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ó ní, "Àǹtí, ti béárì tútù ju èyí lọ?" Mo ní nígbà òtútù, ó lè tútù jù ú lọ. Kò sọ nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n láti Oyíngbò dé ilé, ó ki ọwọ́ yẹn sí abẹ́ apá.

Ọ̀rọ̀ òrí ṣiṣẹ́ bí Tíṣà ṣe sọ ọ́. Ọmọ omi tútù ló ṣàkíyèsí pé ọ̀rá wà nínú ọ̀rá, orúkọ kan náà ni méjèèjì ń jẹ́. Wọ́n fi í kọ orin fúnra wọn.

Mo sì fi pẹ́pà lẹ ìwé náà láàárín béárì àti pẹ́ńgúìnì, mo sọ fún wọn pé ẹni tó yà á ṣe àṣìṣe. Wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata. Mo fi kún un pé pẹ́ńgúìnì kan tilẹ̀ wà ní Áfíríkà tiwa, ní etíkun South Africa àti Namibia, orí iyanrìn ni ìyẹn ń gbé.

Ṣùgbọ́n èyí tó mú wọn lọ́kàn jù ni ti bàbá pẹ́ńgúìnì ńlá, èyí tó ga ju àwọn ọmọ mi mìíràn lọ. Ìyá á yé ẹyin kan ṣoṣo, á gbé e fún bàbá, á lọ wá oúnjẹ nínú òkun. Bàbá á gbé ẹyin náà lé orí ẹsẹ̀ rẹ̀, á fi awọ ikùn bò ó, á dúró bẹ́ẹ̀ fún bí ọjọ́ 65 láàárín òtútù àti òkùnkùn. Tí a bá ka ọjọ́ tó ti wà níbẹ̀ kí ẹyin tó dé, ó tó bí oṣù 4 tí kò fi ní jẹ nǹkan kan. Gbogbo àwọn bàbá á kóra jọ, wọ́n á fún ara wọn mọ́ra gádígádí. Ẹni tó wà níta á máa súnmọ́ inú, ẹni tó wà nínú á máa bọ́ síta, kí òtútù má baà pa ẹnì kankan. Mo fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ọsàn, mo ní kí wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀, kí wọ́n rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ojú fèrèsé, kó má jábọ́. Lẹ́yìn náà a kóra jọ láàárín yàrá, a ń yí, àwọn tó wà níta ń wọlé. Ooru mú wa gan-an, wọn ò sì fẹ́ kí n ní ó tó.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, màmá ọmọkùnrin mi pè mí lórí fóònù. Ọjà Ìdúmọ̀tà ni ó máa ń lọ, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ó ní òun dé ní bí aago mẹ́sàn-án, òun bá ọmọ náà ní ìdúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ẹyin sísè tí wọ́n fún un pẹ̀lú iṣu wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi ẹ̀wù bò ó. Ìyá àgbà bẹ̀ ẹ́ títí, kò jẹ ẹ́, kò sùn. Ó ní ìgbà tí ìyá òun bá tó dé.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa bẹ̀rẹ̀ ti ẹja àbùùbùtán. Ẹni tó bá ní okùn tó gùn bíi mítà 30 tó lè yá mi, kó bá mi sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ nà án sójú títì kí wọ́n rí bó ṣe gùn tó.